Súkúrù Inú Eyín: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé àti Ará Òkè Òkun Mọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé gbogbogbòò wa. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.)

   

Nígbà tí akọ̀wé ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ mú ọ̀rọ̀ kan wá lórí ìlera, ọ̀pọ̀ ló rò pé ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ìyẹn ṣe pàtàkì, a ti sọ ọ́ rí, a óò tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, eyín ni mo gbé wá, pàápàá eyín tí wọ́n ń fi súkúrù dè mọ́ eegun párì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní implant. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ lọ́kàn pé, "Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Tiwa ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látinú ilé tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe implant kan síwájú ẹnu nígbà tí wọ́n wà lókè òkun, àwọn ọmọ wọn ló dá owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà wá sílé. Lọ́dún kejì, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, eyín mi yìí ń mì díẹ̀díẹ̀, kò kúkú dùn mí o." Torí pé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, èmi ni wọ́n máa ń bi ní gbogbo ohun tó bá ti ní súkúrù, látorí jẹnẹrétọ̀ dórí ilẹ̀kùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mọ́mì, tí kò bá ti dùn yín, ẹ máa lò ó lọ. Tí ẹ bá tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á bá yín dè é le."

Ìmọ̀ràn òmùgọ̀ ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́, súkúrù inú eyín náà dá sí méjì. Eyín jábọ́ sínú àwo, ààbọ̀ súkúrù sì há sínú implant. Dókítà eyín tí a gbé wọn lọ bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ilé iṣẹ́ wo ló ṣe implant yìí? Báwo ló ṣe tóbi tó?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n fún Mọ́mì ní káàdì kan lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n káàdì náà ti bá ẹrù tí wọ́n dà nù lọ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ilé mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kọ̀wé sókè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó rí ìdáhùn. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni àbíkẹ́yìn wọn ṣe ìgbéyàwó. Tí ẹ bá wo fọ́tò ọjọ́ náà, ọwọ́ ìyá ìyàwó wà lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi dúró síwájú yín nìyẹn. Ẹ má gbàgbé pé èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo lè ṣàlàyé ni bí súkúrù ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ìyẹn ni mò ń kọ́. Ìtọ́jú ẹnu yín, ọwọ́ dókítà eyín ló wà.

KÍ NI IMPLANT GAN-AN?

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di eyín yìí. Àkọ́kọ́ ni implant fúnra rẹ̀. Ó dà bíi bóòtì kékeré, irin titanium ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, wọ́n sì máa ń rì í sínú eegun párì, kó lè dípò gbòǹgbò eyín. Ìkejì ni òpó kékeré tó yọ sókè láti inú èrìgì. Abutment ni àwọn dókítà ń pè é; ẹ jẹ́ kí àwa máa pè é ní òpó. Ìkẹta ni adé, ìyẹn eyín funfun tí gbogbo ayé ń rí. Súkúrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 2 mm lọ, ló so òpó mọ́ implant. Súkúrù kékeré yẹn ni mo ń bá lọ lónìí.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Swídìn kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark ló ṣí ọ̀nà yìí. Ní 1952, ó fi ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe sínú eegun ẹsẹ̀ ehoro, kó lè máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò ṣe é yọ mọ́. Eegun ti dì mọ́ irin. Ó fi ọdún púpọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1965, ó fi implant sẹ́nu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù párì. Implant yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú ní 2006. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní 40 ọdún.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irin àti eegun ò lè bára gbé, ẹ má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Oríkèé méjì ló wà níbẹ̀. Oríkèé àkọ́kọ́ wà láàárín eegun àti implant. Ara ló ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, ó sì sábà máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó dì dáadáa. Oríkèé kejì wà láàárín implant àti òpó. Ìyẹn, ara kò bá wa ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló dè é, agbára súkúrù nìkan ló sì ń dì í mú. Ohun tí ọwọ́ èèyàn bá dè, ó lè dẹ̀. Ti Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù, eegun wọn kò ṣe nǹkan kan. Súkúrù ló dẹ̀.

BÍ SÚKÚRÙ ṢE Ń DI NǸKAN MÚ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ìṣó ṣe ń di pákó mú ni súkúrù náà ṣe ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí rọ́bà tí wọ́n ń gé lára tíúbù táyà, tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn. Kí ló ń mú ẹrù dúró? Fífà tí wọ́n fa rọ́bà náà ni. Bí ó ṣe ń fẹ́ súnkì padà ló ń fún ẹrù mọ́ ọ̀kadà. Tí wọ́n bá kàn wé e láìfà á, kòtò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bọ́ sí, ẹrù á já bọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni súkúrù. Nígbà tí dókítà bá ń yí i, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀. Tó bá tún yí i síwájú sí i, súkúrù náà á nà díẹ̀, nínà tí ojú ò lè rí. Ó ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà, fífẹ́ padà yẹn ló sì ń fún òpó mọ́ implant. Níwọ̀n ìgbà tí agbára ìfúnpọ̀ yìí bá pọ̀ ju agbára tí jíjẹ fi ń gbìyànjú láti ya méjèèjì nípá, oríkèé náà kò ní ṣí, súkúrù fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ ìnira kan lára. Ọjọ́ tí ìfúnpọ̀ bá ti dín kù ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé nǹkan jẹ ni súkúrù á máa tẹ̀, á máa padà, á máa tẹ̀, á máa padà. Gbogbo wa la ti fi ọwọ́ tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí tó fi dá. Bí súkúrù Mọ́mì ṣe dá nìyẹn. Kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ yẹn ló dá a. Oṣù mẹ́rin tí mo ní kí wọ́n máa lò ó lọ ló dá a.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó yí i dé? Sípánà kékeré kan wà tó ń ka agbára yíyí, torque wrench ni wọ́n ń pè é. Iye tí wọ́n ń lò wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe implant. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè fún nǹkan bí 30 sí 35 Ncm fún súkúrù òpó, àwọn mìíràn kéré sí ìyẹn. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gba nǹkan bí 100 Nm. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 300 ti eyín. Nǹkan tó kéré báyìí, èèyàn ò lè fi ọwọ́ lásán gbé e lé ìwọ̀n. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé nínú gbogbo agbára tí a fi ń yí súkúrù, nǹkan bí 10 nínú 100 péré ló ń di ìfúnpọ̀. Ìfarakanra irin pẹ̀lú irin ló ń jẹ ìyókù.

Tí wọn ò bá yí i tó, ìfúnpọ̀ ò ní tó. Tí wọ́n bá sì yí i jù, súkúrù á nà kọjá ibi tó ti lè padà, bíi rọ́bà tí wọ́n fà títí tó fi là. Àtàìtó, àtàjù, ìkan náà ni wọ́n.

KÍ LÓ Ń JẸ́ KÓ DẸ̀?

Àkọ́kọ́, irin tí a rò pé ó dán, kò dán tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá fi ẹ̀rọ asọ-ohun-kékeré-di-ńlá wò ó, gegele àti kòtò ló wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é, àwọn gegele kéékèèké wọ̀nyẹn á tẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, súkúrù á sì pàdánù lára ìfúnpọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n tó tún fi sípánà yẹn yí i lẹ́ẹ̀kejì sí iye kan náà. Tí dókítà yín bá ní kí ẹ dúró díẹ̀ lórí àga, ẹ má kánjú o. Àwọn fọ́kánáísà tó mọṣẹ́ náà máa ń sọ fún wa pé ká tún yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò lẹ́yìn tí a bá ti rìn díẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ìkejì ni ẹrù tó pọ̀ jù. Eyín tí Ọlọ́run dá sí wa lẹ́nu ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, tó dà bíi tìmùtìmù. Ó lè mì ní nǹkan bí 25 sí 100 nínú ẹgbẹ̀rún kan mílímítà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Implant ò ní tìmùtìmù; mímì tirẹ̀ ò ju nǹkan bí 3 sí 5 lọ. Ìṣàn yẹn náà ló máa ń tètè sọ fún ọpọlọ pé, "Rọra o, òkúta ló wà nínú ìrẹsì yìí." Implant kì í sọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹni tó ní implant lè máa gé nǹkan líle jẹ kọjá ààlà láì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi eyín ṣí ìgò mínírà, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ eegun títí mùdùnmúdùn fi jáde, ẹ̀yin tí ẹ ń já okùn nínú àpò sìmẹ́ńtì: tí eyín yín bá jẹ́ oní-súkúrù, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Àwọn tó ń lọ eyín mọ́ra wọn lójú oorun náà wà nínú ewu yìí. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe fún yín láti fi sẹ́nu sùn.

Ìkẹta ni pé kí nǹkan má wọ inú ara wọn bó ṣe yẹ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀.

ÀÁKÉ ÀTI ÈÈKÙ

Gbogbo ẹni tó bá ti lọ sóko rí mọ àáké ìbílẹ̀ wa. Ìdí irin rẹ̀ tín-ín-rín, ó wọ inú ihò èèkù tó bá a mu. Kò sí ìṣó, kò sí súkúrù. Bí ẹ ṣe ń fi la igi tó ni ó ń le sí i. Ṣùgbọ́n tí ihò bá fi díẹ̀ tóbi ju irin lọ, ẹ kì í ṣán igi mẹ́ta tí irin á fi yọ, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ kó ba ẹnikẹ́ni.

Àwọn implant àtijọ́ ti Brånemark ní orí onígun mẹ́fà tó yọ síta, gíga rẹ̀ ò ju 0.7 mm lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, torí kí wọ́n lè rí ibi dì mú láti fi yí implant wọ inú eegun ni. Kì í ṣe torí kó máa di adé mú. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń gbé eyín kan ṣoṣo lé e. Orí kúkúrú báyìí ò lè fi bẹ́ẹ̀ ran súkúrù lọ́wọ́, bí eyín bá ti gba ẹ̀gbẹ́, súkúrù ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ implant ìgbàlódé, ìdí òpó tín-ín-rín, ó sì wọ inú implant lọ, bíi ti àáké àti èèkù. Ògiri méjèèjì fara mọ́ra, àwọn náà ń bá súkúrù gbé ẹrù. Èyí dín dídẹ̀ kù gan-an. Kò túmọ̀ sí pé irú ti àtijọ́ ò dáa o. Ẹni tó bá ní in kàn gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò déédéé ni.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe implant pọ̀ láyé, kálukú ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Òpó ti ilé iṣẹ́ kan lè dà bíi pé ó wọ implant ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Súkúrù rẹ̀ á yí, a óò ní "Ó ti bọ́ sí i!" Ṣùgbọ́n àlàfo tí ojú ò rí ti wà níbẹ̀. Àlàfo yẹn ni òpó á máa gbà mì, tí súkúrù á fi máa dẹ̀ tàbí kó dá. Ibẹ̀ náà ni kòkòrò àìfojúrí á wọ̀ lọ ṣe ilé, èrìgì á wú, ẹnu á máa rùn, tó bá sì pẹ́, eegun tó di implant mú lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n: nọ́ọ̀tì tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà lè wọlé lónìí, ṣùgbọ́n á jẹ ojú bóòtì yẹn tó bá dọ̀la.

Àwọn tí wọ́n so eyín mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lórí implant méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ náà ní tiwọn. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ láì jẹ́ pé súkúrù fi ipá fà á wálẹ̀. Ẹ ronú nípa tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ kan kúrú. Tí ẹ bá fi agbára dè é mọ́lẹ̀, ó lè dà bíi pé ó dúró, ṣùgbọ́n gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń fa ara wọn. Ọ̀nà kan tí dókítà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé á de súkúrù kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun kan, á sì wo bóyá ìpẹ̀kun kejì gbé sókè. Tó bá gbé sókè, a jẹ́ pé wọ́n máa tún un ṣe. Tí wọ́n bá wá ń dè é, díẹ̀díẹ̀ ni, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bí mẹ́káníìkì gidi ṣe ń de tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Nítorí náà, tí dókítà yín bá ní kí ẹ padà wá torí pé iṣẹ́ ò jókòó dáadáa, ẹ má bínú sí i. Dókítà tó ń dá iṣẹ́ padà ló fẹ́ràn yín.

TÓ BÁ Ń MÌ, KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

Ẹ máa ṣọ́ àwọn àmì yìí: adé ń mì tàbí ó ń yí díẹ̀, ẹ ń gbọ́ "kẹ́" tí ẹ bá ń jẹun, eyín náà dà bíi pé ó ga ju tàtẹ̀yìnwá lọ, oúnjẹ ń há síbi tí kì í há sí tẹ́lẹ̀, èrìgì ibẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ẹnu ń ní adùn burúkú kan. Ẹ má dúró de ìrora. Irin ò ní iṣan ìmọ̀lára, kò sẹ́ni tó máa ké níbẹ̀. "Kò dùn mí" tí Mọ́mì sọ fún mi yẹn gan-an ló tàn mí jẹ.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má fi ibẹ̀ jẹun mọ́, kí ẹ sì wá dókítà eyín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí súkúrù bá kàn dẹ̀ lásán, iṣẹ́ kékeré ni: wọ́n á ṣí ihò orí adé, wọ́n á yọ Teflon tó wà nínú rẹ̀ (irú èyí tí púlọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù), wọ́n á yẹ súkúrù wò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá dè é sí iye tó yẹ. Tó bá ti dá, iṣẹ́ ńlá ti dé. Wọ́n á rọra máa yí ààbọ̀ tó há sínú náà padà sẹ́yìn, tí kò bá gbà, gbogbo implant lè bá a lọ. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.

Ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi súkúrùdíráfà ilé yí i. Ẹ má fi pínsà kàn án. Tí adé bá já bọ́, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi sínú ike kékeré tó mọ́, kí ẹ gbé e dání lọ bá dókítà, torí òun náà ní ohun tó máa sọ fún un. Ẹ má sì tì í padà sẹ́nu sùn, kí ẹ má baà gbé e mì.

Ẹ tún fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Tó bá jẹ́ implant fúnra rẹ̀ ló ń mì nínú eegun, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì lágbára ju ti súkúrù lọ. Ẹ̀yin ò lè dá a mọ̀ nílé. Dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì lè ya fọ́tò inú eegun. Sìgá mímu, ìtọ̀ ṣúgà tí a ò tọ́jú, àti àìfọnu dáadáa wà lára ohun tó ń ba eegun ibẹ̀ jẹ́.

KÁÀDÌ YẸN

Mo ti ń bọ̀ níbi tí mò ń lọ. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe implant, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà, tàbí ní Tọ́kì níbi tí ọ̀pọ̀ ń lọ torí owó rẹ̀, kí ó gba àkọsílẹ̀ yìí kí ó tó kúrò níbẹ̀:

1. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe implant, àti irú èyí tó jẹ́ nínú tiwọn.
2. Fífẹ̀ rẹ̀ àti gígùn rẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀.
3. Irú òpó àti irú súkúrù tí wọ́n lò, àti iye Ncm tí wọ́n dè é dé.
4. Irú sukúrùdíráfà tó ń ṣí i. Ti ẹlòmíì onígun mẹ́fà, ti ẹlòmíì onígun mẹ́rin, ti ẹlòmíì bí ìràwọ̀.
5. Bóyá súkúrù ni wọ́n fi de adé mọ́ òpó, àbí sìmẹ́ńtì eyín ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, dókítà mìíràn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.
6. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti fọ́tò eegun tí wọ́n yà gbẹ̀yìn.

Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kò tọrọ bárà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tó ní làákàyè, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan sórí ìwé. Fóònù lè bọ́ sómi, ìwé lè jóná, ọmọ lè gbàgbé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè sọnù lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń múra àtiwálé, yálà fún ọdún tàbí pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ súkúrù yín wò kí ẹ tó wọ bàálù. Iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lọ́hùn-ún lè di wàhálà oṣù mélòó kan níbí, kì í ṣe torí pé àwọn dókítà wa ò mọṣẹ́, àmọ́ torí pé kí súkúrù tó bá tiyín mu tó dé láti ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó lè pẹ́.

OHUN TÍ Ẹ̀KA Ọ̀DỌ́ MÁA ṢE

Àwọn kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ olówó ni mo gbé wá. Mo gbọ́. Òótọ́ ni pé implant wọ́n, púpọ̀ nínú wa ò sì ní ṣe é láéláé. Ìdí tó fi yẹ ká tọ́jú eyín tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, ká má sì máa sáré yọ eyín tí dókítà ṣì lè dí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé yín dáadáa. Owó ajọ́ṣe ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn eyín wọ̀nyí: ọmọ kan mú díẹ̀ wá, àbúrò mú díẹ̀ wá. Tó bá bàjẹ́, gbogbo ẹbí ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣe ìwé kékeré kan tó ní àlàfo mẹ́fà, fún ohun mẹ́fà tí mo kà yẹn. A óò fi sórí gbogbo gúrúùpù wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú un tọ àgbàlagbà ilé rẹ̀ lọ, á jókòó tì í, á bá a kọ ọ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ má fi àkọsílẹ̀ yín sórí gúrúùpù o. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni, kò kan gbogbo ayé. Tí àyẹ̀wò ìlera tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe bá tún dé, a ti bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fi dókítà eyín kún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Tí àgbàlagbà bá sọ fún yín pé nǹkan kan ń ṣe òun, tí ó tún fi kún un pé kò dun òun, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dá wa lágara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi "kò dùn mí" bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bí Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù ṣe wá ṣe é. Ìdáhùn dé látòkè òkun, dókítà rọra yọ ààbọ̀ súkúrù yẹn, implant ò bàjẹ́, súkúrù tuntun tó bá a mu dé, adé padà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wá ya àwọn ní fọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀rín ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi ńkọ́? Ta ló máa yà á fún mi?" Mi ò rí nǹkan fèsì.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o. Ẹ̀rín ò ní kúrò lẹ́nu àwọn òbí wa.